Òpin Ọ̀sẹ̀ ní Kùtọnu Pẹ̀lú Ọ̀rẹ́: Ìlú Mélòó Ni Ọjọ́ Mẹ́ta Lè Gbà?

Arábìnrin kan tó ń gbé ní Ilésà ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ rán mi lọ sí Kùtọnu fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a ti jọ ń bọ̀ láti kékeré, tó ń ta aṣọ ní ọjà Atákúnmọ́sà, ní òun yóò wá bá mi ní òpin ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín, kí a jọ yẹ ìlú wò láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Àìkú. A ti kọ ibi tí a fẹ́ dé sílẹ̀: Kùtọnu fúnra rẹ̀, Ganvié, Ouidah, Abomey àti Àjàṣẹ́. Wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò nílò ìwé kankan nítorí pé ọmọ ECOWAS ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ń kìlọ̀ pé ìrìn-àjò a máa tú ọ̀rẹ́ ká, àti pé bí a bá sùn sínú yàrá kan ṣoṣo fún alẹ́ méjì, ìbínú la ó bá padà wálé. Ṣé ètò wa ṣeé ṣe? Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ mi sì lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀?"

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Faransé ni mo ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, iṣẹ́ náà ló sì sọ mí di ẹni tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ ṣe fàájì, kọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìbéèrè méjì ni ẹ rò pé ẹ bi mí, ọ̀kan nípa ibi tí ẹ fẹ́ dé, ìkejì nípa ọ̀rẹ́ yín. Lójú tèmi, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà tí mo ti bá àwọn ọ̀rẹ́ parí lójú ọ̀nà, ìwà ẹnikẹ́ni kọ́ ló fà á, ètò tó kún ju àyè rẹ̀ lọ ni. Ẹni tó ti rẹ̀, tí ebi ń pa, tí oòrùn ti pa bó ṣe fẹ́, tí ẹnìkejì rẹ̀ wá ń sọ fún un pé ó ku ibi méjì, kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè bí i nínú. Nítorí náà, kí a tó dá ọkọ yín lóhùn, ẹ jẹ́ ká ka wákàtí tí ẹ ní.

Láti Ilésà dé Kùtọnu kò pé 400 kìlómítà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rò pé ẹni tó bá gbéra ní ìdájí yóò jẹun ọ̀sán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kìlómítà kọ́ ni a fi ń ka ìrìn-àjò yẹn. Láti Ilésà gba Ifẹ̀ àti Ìbàdàn wọ Èkó, ọ̀nà tí oníṣòwò aṣọ mọ̀ dunjú ni. Ohun tó ń jẹ àkókò ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ inú Èkó, lẹ́yìn náà ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró yẹ̀ wò lemọ́lemọ́, àti ẹnubodè Sẹmẹ fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ṣí ilé ẹnubodè alájọlò níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjèèjì fi wà nínú ọgbà kan náà, èyí sì dín ìrìn kù, ṣùgbọ́n kò dín èrò kù. Ní ọjọ́ tó dára, ènìyàn á kọjá kí ó tó mọ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni yóò lo ọ̀sán rẹ̀ sí. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kúrò ní Ilésà ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, wọn yóò sì ti rẹ̀ dé inú eegun.

Ohun tí mo máa ń gba irú wọn níyànjú ni pé kí wọ́n kúrò nílé ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí ní Èkó tàbí ní Àgbádárìgì, kí wọ́n sì kọjá ẹnubodè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì nígbà tí ẹ̀yin ṣì wà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọn yóò ti wẹ̀, wọn yóò ti sinmi, kí ẹ tó jáde. Bákan náà ni ọjọ́ Àìkú: wọ́n gbọ́dọ̀ tún ẹnubodè kọjá kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí túmọ̀ sí pé Èkó ni wọn yóò sùn, ọjọ́ Ajé ni wọn yóò sì wọ Ilésà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà nídìí èyí o. Òpin ọ̀sẹ̀ ni tiyín, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Ajé ni ti ọ̀rẹ́ yín, ṣọ́ọ̀bù wọn yóò sì wà ní títì tàbí lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ ní gbogbo àkókò náà. Ẹ bá wọn sọ ọ́ báyìí kí wọ́n tó ṣe ìpinnu, kí ó má baà jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni wọn yóò ti mọ̀.

Ní ti ìwé, ẹni tó sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé wọn kò nílò ìwé kankan gbọ́ apá kan ọ̀rọ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 ló yọ físà kúrò fún ẹni tí kò ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Àdéhùn yẹn kan náà ló sọ pé kí arìnrìn-àjò mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ kò tíì kọjá lórí rẹ̀ dání, pẹ̀lú ìwé ìlera àgbáyé. Físà ni wọn kò béèrè, wọn kò sọ pé kí ènìyàn máa bọ̀ lọ́wọ́ lásán. Pásípọ́ọ̀tù ló dára jù. Bí ọ̀rẹ́ yín kò bá ní i, ìwé ìrìnnà ECOWAS wà tí wọ́n ṣe fún irú àjò yìí gan-an, kí wọ́n lọ béèrè rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìwọlé-àti-ìjáde ní Òṣogbo, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Kí wọ́n rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde àti òǹtẹ̀ ìwọlé sí i ní àlọ àti ní àbọ̀, àní bí ẹnìkan bá ń sọ pé kò pọn dandan. Ọlọ́kadà tó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tó yá jù, kí wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì máa lọ. Ẹni tó wọlé láìní òǹtẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀. Ìwé ìlera tí mo sọ ni káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ̀yìn ọjọ́ 10 tí ènìyàn gba abẹ́rẹ́ náà ni káàdì tó di ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016 ni ó ti di ti ayérayé, kò sí àtúngbà mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn-àjò ti pẹ́ jù. Àwọn kan a máa ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín dán an wò, nítorí àìsàn kò ní béèrè káàdì.

Ní báyìí, àwọn ìlú márùn-ún. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, ẹ̀yin wá fẹ́ lé márùn-ún. Ẹ yọ Abomey kúrò. Kì í ṣe pé kò dára. Ààfin àwọn ọba Dàhómì tó wà níbẹ̀ ti wà lára ohun ìní àgbáyé tí UNESCO kọ sílẹ̀ láti ọdún 1985, èmi fúnra mi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ibi gbogbo yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Kùtọnu níhà àríwá tó bí 140 kìlómítà, ẹni tó bá sì lọ, tó bọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọkọ̀ ni yóò rí jù. Ẹ fi í sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn tí ẹ bá ní alẹ́ kan láti sùn síbẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tó kù ṣeé tò bí a bá wo ibi tí wọ́n wà. Ouidah wà ní ìwọ̀-oòrùn Kùtọnu, nǹkan bí 40 kìlómítà. Ganvié wà lórí ọ̀sà Nokoué níhà àríwá ìlú, láti èbúté Abomey-Calavi ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Àjàṣẹ́, tí àwòrán ilẹ̀ ń pè ní Porto-Novo, wà ní ìlà-oòrùn, ìyẹn ní apá ilé. Tí ẹ bá wò ó báyìí, ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò ara rẹ̀: Kùtọnu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú Ouidah àti Ganvié ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Àjàṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọ̀rẹ́ yín sì ti ibẹ̀ kọrí sílé, kí ẹ̀yin padà sí Kùtọnu. Láti Àjàṣẹ́, wọ́n lè gba Ìgolò bọ́ sí Ìdìrókò dípò Sẹmẹ. Ẹnubodè Ìdìrókò ti tún ṣí láti ọdún 2022, lẹ́yìn títì tí ìjọba tì í ní 2019. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló yá jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí ọ̀nà tó ṣófo lánàá lè kún lónìí.

Láàárín Ganvié àti Ouidah, Ouidah ni mo máa yàn fún ẹ̀yin méjì, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ganvié jẹ́ ìyanu lóòótọ́: ìlú odindi tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi láàárín omi, tí àwọn Tofinu tẹ̀ dó nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ọjà wọn orí omi ni, ọkọ̀ wọn ni ẹsẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ kan ni ẹ ó jókòó sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ọ̀rẹ́ yín bá sì ń bẹ̀rù omi, ọjọ́ ti bàjẹ́. Ìdúnàádúrà owó ọkọ̀ ní èbúté náà a sì máa gbóná. Àwọn ará ibẹ̀ kò sì fẹ́ràn kí àlejò máa nà fóònù sí wọn lójú, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Ní Ouidah, ẹ̀yin ni ẹ ni ẹsẹ̀ yín. Ilé àwọn òjòlá, tí í ṣe ojúbọ ìbílẹ̀, dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá ìlú náà ní gbàgede kan náà, ẹni tó bá sì ti Ifẹ̀ tàbí Ilésà wá kò ní yà á lẹ́nu pé àwọn méjèèjì ń gbé pọ̀ láìjà. Ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ti Fondation Zinsou wà ní ilé ìgbàanì kan láàárín ìlú. Láti ìlú sí etí òkun ni ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà, tó tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́rin, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1995 ló sì wà ní ìparí rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀sán gangan rìn ín. Ẹ lè gun ọ̀kadà lọ, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ níbi tí ẹ bá ti rí ibòji. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ènìyàn bó bá dé etí òkun yẹn, ó sì dára kí ọ̀rẹ́ méjì jókòó síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìsí pé ọkọ̀ ń dúró dè wọ́n. Bí ó bá jẹ́ àkókò àjọ̀dún Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tó máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù kìíní, ẹ mọ̀ pé èrò yóò kún Ouidah dẹ́nu. Ẹ tètè wá ilé ìtura tàbí kí ẹ yẹra pátápátá.

Kùtọnu kò ní gbà yín lákòókò púpọ̀. Ère obìnrin ajagun Dàhómì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, tó ga tó 30 mítà, dùn ún wò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ààfin ààrẹ kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà ẹ kíyè sí ibi tí ẹ ń kọjú fóònù yín sí, ẹ má sì ya àwọn ológun ní fọ́tò.

Àjàṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí, nítorí àwọn ará wa a máa fojú di í. Wọ́n á ní ọ̀nà ìkọjá lásán ni. Òun gan-an ni olú ìlú Bẹ̀nẹ̀ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kùtọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Ààfin Honmè wà níbẹ̀, níbi tí Ọba Toffa ti jọba ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Mọ́sálásí ńlá kan wà tí àwọn ọmọ ẹrú tó ti Brazil padà wá kọ́, tó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀ ní àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí yóò bá ọ̀rẹ́ yín lára mu, nítorí ẹni tó ń ta aṣọ yóò rí bí wọ́n ṣe fi aṣọ ṣe ẹ̀ṣọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé ìtura yín láti ọjọ́ Àbámẹ́ta bóyá ibi tí ẹ fẹ́ wọ̀ máa ń ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Fún oúnjẹ, ilé oúnjẹ wà ní Songhai, oko ìkọ́ṣẹ́ ńlá tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ohun tí wọ́n gbìn tí wọ́n sì sìn níbẹ̀ ni wọ́n ń sè. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá ní Àjàṣẹ́ débi pé ẹ lè gbàgbé pé ẹ ti kọjá ẹnubodè. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni pé ará Nàìjíríà tó ṣìnà ni wọ́n. Èdè Gun ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ nílé, Faransé ni ti ìwé wọn. Ní Kùtọnu, Fọn ló gbòde, Yorùbá yóò sì ràn yín lọ́wọ́ lọ́jà ju ní ọ́fíìsì lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Wọ́n jàre díẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni kò dọ́gba láàárín ẹ̀yin méjì, bí ẹ kò bá sì dárúkọ wọn, wọn yóò dárúkọ ara wọn. Àkọ́kọ́ ni owó. Ilé-iṣẹ́ ló san yàrá yín àti owó oúnjẹ yín. Àpò ara wọn ni ọ̀rẹ́ yín ń ná, lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó ọkọ̀ láti Ilésà. Bí ẹ bá ń yan ilé oúnjẹ tó bá àpò tiyín mu, wọn kò ní lè sọ ọ́ jáde, ìtìjú náà ni yóò sì di ìbínú. Mo ti rí ohun tó dára tí àwọn kan ṣe: wọ́n da iye kan náà pọ̀ sínú àpò kan ní òwúrọ̀, láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń san ọkọ̀, omi àti oúnjẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ohun tirẹ̀ á ra á látinú àpò ara rẹ̀. Ìkejì ni ìmọ̀. Ẹ ó ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ẹ ó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹun, ẹ ó fẹ́ máa darí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yan nǹkan kan fúnra wọn, kí ẹ sì tẹ̀lé wọn lọ síbẹ̀, àní bí ó bá jẹ́ ibi tí ẹ̀yin ti dé.

Ìkẹta ni ọjà, èyí ló sì lágbára jù. Ọ̀rẹ́ yín ń ta aṣọ, Kùtọnu sì ni ọjà ńlá Dantokpa wà. Ìjọba ń ṣètò láti kó ọjà náà kúrò lẹ́bàá ọ̀sà, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí àwọn aláṣọ wà kí ẹ tó lọ. N kò rò pé ẹ lè sọ fún oníṣòwò pé kí ó má wo ọjà, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ ya wákàtí mélòó kan sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tí ẹ̀yin ṣì wà ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò lè dára jù fún un bí wọ́n bá tètè dé. Wíwo ọjà yàtọ̀ sí kíkó ọjà, ẹ jọ fi ẹnu kò lórí èyí. Ẹni tó ra ìró méjì fún ìlò ara rẹ̀ kò jọ ẹni tó di ẹrù. Bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́, ìrìn-àjò ti di òwò, àwọn aṣọ́bodè yóò béèrè owó orí, Àjàṣẹ́ kò sì ní ṣeé rìn mọ́ pẹ̀lú àpò ńlá. Aṣọ òkìrìkà wà lára ohun tí òfin Nàìjíríà kò gbà láti òkè òkun rárá, adìyẹ inú yìnyín náà wà níbẹ̀, ìrẹsì kò sì gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé. Iye tí wọn yóò gbà lórí aṣọ tuntun kì í ṣe ohun tí olùkọ́ èdè lè dá lé, aṣojú ẹrù tó ní ìwé àṣẹ ni kí wọ́n bi.

Àwọn ohun kéékèèké kù. Owó CFA ni wọ́n ń ná. Iye rẹ̀ sí owó Yúróòpù kò yí padà, 655.957 sí yúrò kan, ṣùgbọ́n náírà ń lọ ń bọ̀, nítorí náà kí ọ̀rẹ́ yín wo iye ọjọ́ náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, kí wọ́n sì ka owó tán kí wọ́n tó kúrò níwájú wọn. Aago Bẹ̀nẹ̀ àti tiwa dọ́gba. Ihò iná wọn kì í gba ẹnu igun mẹ́ta tiwa, ẹlẹ́nu róbótó méjì ni wọ́n ń lò, ẹ ra èyí tó so méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Láti ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù wọn ti di mẹ́wàá, 01 ló sì ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn; bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní nọ́ńbà àtijọ́ tó jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi 01 síwájú rẹ̀ lẹ́yìn +229. Àwọn ọlọ́kadà Kùtọnu, tí wọ́n ń pè ní zemidjan, máa ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò. Ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún.

Ní ti yàrá, alẹ́ méjì nínú yàrá kan kò burú, bí ó bá jẹ́ pé ibùsùn méjì ló wà níbẹ̀. Kí ẹ tó pe ọ̀rẹ́ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yín bóyá wọ́n fọwọ́ sí kí àlejò sùn nínú yàrá tí àwọn san owó rẹ̀, ẹ sì béèrè iye tí ilé ìtura yóò fi kún un fún ẹnìkejì. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ wá yàrá fún wọn nítòsí, kí ẹ sì sọ iye rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó lọ gba abẹ́rẹ́ tàbí ṣe ìwé.